Níbo Ni Dígí Ti Fọ́?

Àpótí mọ́kànlélógún ni Mopélọ́lá Adéróunmú rà,
dígí awò ojú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja,
kí àwọn àgbà Èbúté Mẹ́ta lè ka lẹ́tà ọmọ wọn.
Ọkọ̀ òkun gbé e dé Àpápá,
bájì gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀, tírélà gbà á lọ́wọ́ bájì, ó di Yábàá.
Ìwé kan ṣoṣo ló bá gbogbo wọn rìn.
Nígbà tí a já èdìdì,
àpótí mẹ́sàn-án ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́
bí ẹ̀wà gbígbẹ nínú agolo.

Èmi, akọ̀wé lọ́ọ́yà ní Maríínà, ni mo ń pè wọ́n kiri.
Ọkọ̀ òkun ní gbogbo rẹ̀ ló pé nígbà tí òun sọ ọ́ kalẹ̀.
Bájì ní omi dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́jọ́ náà.
Sùnmọ́nù onítírélà bú sẹ́rìn-ín:
“Akọ̀wé, ṣé èmi ni mo gbẹ́ kòtò ojú títì ni?
Pẹ̀lú èdìdì ni mo gbà á, pẹ̀lú èdìdì ni mo fi lélẹ̀.
Ta ní í bi ẹni tó ru ìkòkò
pé kí ni wọ́n sè sínú ẹ̀?”

Dígí tí à ń fi í ríran,
ó fọ́ síbi tójú kankan kò sí.

Ọ̀gá mi ṣí ìwé òfin,
èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè jókòó kọ nílùú olótùútù.
Ó ní ẹni tó gba owó ọ̀nà gbogbo
ni yóò dáhùn fún ọ̀nà gbogbo.
Inú mi dùn. Ó ní, dúró ná.
Bí a bá mọ ibi tó ti fọ́, òfin ibẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀:
òkun ní tirẹ̀, títì ní tirẹ̀.
Bí a kò bá sì mọ̀ ńkọ́?
Ó yí ojú ìwé.
Kílò ni wọn yóò fi díwọ̀n owó ẹ̀.

Kílò!
Mo kó ọgọ́rùn-ún dígí lé òṣùwọ̀n,
wọn kò wúwo tó iṣu kan.
Ká ní sìmẹ́ǹtì ló rà ni.

Mopélọ́lá kò sunkún.
Ó mú ọ̀kan tí kò fọ́, ó fi etí ìró nù ún,
ó gbé e síwájú ojú mi.
“Bá mi ka àwọn lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn ìwé ẹrù yẹn.”
Mo kà á. Ó hàn ketekete:
agbẹ́rù kò mọ̀, agbẹ́rù kò sí níbẹ̀,
agbẹ́rù kò ní san ju báyìí lọ.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé yẹn.
N kò rí wọn rí.