Mẹ́tàdínlógún

Orí àga onírin ni mo máa ń jókòó, lẹ́yìn wáyà,
ní ṣọ́ọ̀bù lọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní Ṣómólú,
níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń hanrun tọ̀sán-tòru.

Láníhùn ń bọ̀. Mo mọ ìró bàtà rẹ̀.
Òun ló ń gé pépà ní ilé ìtẹ̀wé òdìkejì,
ìka rẹ̀ kù mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ ti mú ọ̀kan.
Ó di ìwé kékeré kan mọ́ abíyá.
Kì í ṣe Bíbélì. Kì í ṣe Kùránì.
Nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀ bí èèrà,
ti ọdún mẹ́fà, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, pẹ̀lú bírò pupa.

“Mẹ́tàdínlógún ò tíì jáde láti ìgbà òjò,
Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko!
Ebi ìta á ti máa pa á. Ó ti yẹ kó wálé.”

Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó sá kúrò nílé.
Bí ẹni pé bọ́ọ̀lù inú gíláàsì yẹn ń ka ọjọ́,
pé ó mọ̀ pé òun jẹ Láníhùn ní gbèsè.
Mo fẹ́ sọ fún un pé bọ́ọ̀lù ò ní agbárí;
ibi tí ìrántí ń sùn sí lára wa,
ike lásán ló wà níbẹ̀ lára tirẹ̀.
Àádọ́rùn-ún ọmọ tí kò mọ ìyá, tí kò mọ àná.
Ṣùgbọ́n owó oṣù mi ń bẹ lára tíkẹ́ẹ̀tì tó bá rà.
Mo tẹ ẹ̀rọ. Mo fún un ní pépà.

Kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ bá òun yan nọ́ńbà.
Òun fúnra rẹ̀ ní láti fọwọ́ kọ ọ́,
bí ẹni pé ọwọ́ tó kọ ọ́ ni yóò fà á jáde.

Méjìdínlógún ló jáde ní Sátidé yẹn.
Inú rẹ̀ dùn! Ẹ gbà mí, inú rẹ̀ dùn.
“Ó ti ń sún mọ́lé! Ẹnu ọ̀nà ló dé yẹn!”
Ó-kù-díẹ̀-kó-bà-á kì í pa ẹyẹ, Láníhùn.
Láàárín mẹ́tàdínlógún àti méjìdínlógún
kò sí afárá, wọn kì í ṣe aládùúgbò.

Fọ́tò àwọn tó jẹ wà lára ògiri wa,
ọ̀gá ní kí n máa nu eruku wọn láràárọ̀.
A kì í ya fọ́tò ẹni tó pàdánù.
Bí a bá yà á, ògiri Ṣómólú ò ní gbà á,
a ó lẹ̀ ẹ́ dé Bàrígà,
a ó lẹ̀ ẹ́ sórí omi ọ̀sà.

Ó jáde, ṣá. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, mẹ́tàdínlógún jáde.
Láníhùn jẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà
(ohun tó ti ná lé e lórí ju ìyẹn lọ).
Ó ra búrẹ́dì fún gbogbo ará ilé ìtẹ̀wé.
Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fa igi lé e lórí:
“Ó ti jáde, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò lè jáde léẹ̀mejì.”
Ó kó gbogbo owó lé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Mẹ́tàdínlógún tún jáde.

N kò tíì rí ẹni tó bú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ rí.
Ó pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ó pè é ní àna òun.

Lónìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, yúnífọ́ọ̀mù há a lápá.
“Bàbá mi ní kẹ́ ẹ bá àwọn ta mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.”
Owó ìdánwò rẹ̀ ló nà sí mi láàárín wáyà,
nínú àpò ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ sí.
Mo ní kó jẹ́ kí n wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Láti ẹ̀yìn wá ló ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé ìṣirò,
bírò búlúù, tó ń bọ̀ wá pàdé pupa láàárín.
Ojú ewé mẹ́rin ló kù.

Mo ní kó lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ẹ̀rọ bàjẹ́.
Ẹ̀rọ ò bàjẹ́.
Alẹ́ ti lẹ́ báyìí. Mo jókòó ti rédíò, èmi tí mo mọ̀
pé bọ́ọ̀lù ò ní agbárí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
mo ń bẹ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta pé kó má jáde.