Ọkọ̀ Tí Kò Ní Gbérò

Redíò Gàníyù ló sọ ọ́ láàárọ̀ Àlàmísì,
ní ìsọ̀ gáàsì rẹ̀ ní Dada, lẹ́yìn ebu amọ̀kòkò:
wọ́n ń gbèrò ọkọ̀ kan tí kò ní gbérò,
tí kò ní re ibì kankan.
Yóò kàn léfòó sójú òkun bí igbá lójú odù omi,
kí àwọn ọkọ̀ òkèèrè máa wá da gáàsì sí i nínú.

Gáàsì tútù ni o,
ó tutù ju ọyẹ́ tó ń la ètè wa lóṣù Ọ̀pẹ̀,
títí tó fi di omi,
tí ẹgbẹ̀ta àpò afẹ́fẹ́ sùn sínú àpò kan ṣoṣo.

Ìyá Sífáwù gbé amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.
Ọdún mẹ́tàlélógójì ló ti ń fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká.
“Amọ̀ tí iná sọ di òkúta, mo mọ̀ ọ́n.
Afẹ́fẹ́ tí otútù sọ di omi, wálahi, n ò rí i rí.
Ta ni yóò tún mú un gbóná?”
Gàníyù ní omi òkun náà ni.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Èmi ti tò síbẹ̀ láti àsùbáà.
Sìlíńdà mẹ́rìndínlógún ló ṣáájú tèmi,
wọ́n dúró ní sáfù bí olùkírun.
Nínú gbogbo wa, Àkànó nìkan ló ti fojú rí òkun:
ó ní iyọ̀ ni, ariwo rẹ̀ sì pọ̀.
Odò Asà là ń wò ní tiwa,
ẹ̀ẹ̀rùn a sì máa fi òkúta ìdí rẹ̀ hàn wá.

Ẹnì kan bèèrè láti ẹ̀yìn:
“Gáàsì tó ń jó dànù lóru nílẹ̀ wa ńkọ́?
Ta ló lóko iṣu tó ń ra èlùbọ́ lókèèrè?”
Gàníyù yí redíò sílẹ̀. Ó ń wo òṣùwọ̀n.

Ó kàn mí. Owó mi tó kílò méjì lé díẹ̀.
A ó sè é lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀; ẹ̀wà kò sí nínú rẹ̀.
Èrò kì í ṣe ohun tí à ń dáná sí.

Ìyá Sífáwù ti kó koríko gbígbẹ bo ìkòkò,
ó ṣáná sí i, kò bá ẹnikẹ́ni ṣèpàdé.
Mo ti gun ọ̀kadà kó tó pè mí padà:
“Bá mi bi redíò yẹn, ọmọ mi.
Bí ìjì bá jà lóru,
kí ni wọ́n so ó mọ́?”