Kúbùsù Kan

Ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì kì í kan ilẹ̀kùn,
abẹ́ rẹ̀ ló ń gbà wọlé
bí ológbò tó mọ ibi tí wọ́n gbé ẹja sí.
Àwa mẹ́rin, kúbùsù kan,
aláwọ̀ eérú, ihò méjì tí sìgá Bàámi jó sí i lára.

Mojírádé ló ṣòfin:
ẹni tó sùn létí lónìí, àárín ni tirẹ̀ lọ́la.
Bí Ọ̀kánlàwọ́n bá ń ka ọjọ́,
ọjọ́ tirẹ̀ nìkan ló máa ń yára pé.
Èmi àbíkẹ́yìn, mo mọ bí a ti ń hanrun èké
kí n lè rọra máa fa aṣọ.

Òru tí ibà dá mi dùbúlẹ̀,
mo lajú, àárín ni mo wà,
kì í sì í ṣe ọjọ́ mi.
Ìṣẹ́po méjì ni kúbùsù wà lára mi.
Àwọn mẹ́ta yòókù ká bí ọ̀kùn sínú àpò ọ̀dùnkún,
eyín wọn ń lu ara wọn.

Ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó sọ ọ́.
Adéagbo já kósé mi gbà,
ó ní ẹnu aláìsàn korò.
Mo sunkún. Mojírádé fọ́ ọ létí.

Kúbúwà ni mo ń gbé báyìí,
kúbùsù mẹ́ta wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.
Ìyàwó mi bi mí
ìdí tí mo fi ń rọ̀ mọ́ etí bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ bí pápá.
Mo ní bó ṣe mọ́ mi lára ni.
Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo sùn láàárín láìtọ́ sí mi,
òtútù mi,
ẹlòmíì ló gbé e sùn.