Àsíá Lórí Tábìlì Bàbá Mi

Oṣù kan kí òmìnira tó dé,
òjò ń rọ̀, ìkúukùu bo Olúmọ lórí,
Ápúbì, ọ̀gá omi-ẹ̀rọ Arakanga,
gbé àsíá yíya wọ ìsọ̀ wa ní Sápọ́n.
Afẹ́fẹ́ ti fa etí rẹ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.
"Lánípẹ̀kun, bá mi rán an.
N kò fẹ́ kó di àkísà kó tó relé."

Bàbá mi tẹ́ ẹ sórí tábìlì,
ó ń fi ìka tọ ojú okùn
bí ẹni ń tọ ipa èèrà:
àgbélébùú pupa tó dúró gangan,
funfun tó dábùú,
àti pupa tín-ín-rín kan tó sá pamọ́ sínú funfun.
"Ọ̀gá, aṣọ mélòó lẹ rán pọ̀ síbí?"
"Mẹ́ta. Ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Sikọ́tíláńdì, ti Áyáláńdì.
A rán wọn pọ̀, ó di Bírítéènì."
"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, èwo ni yín?"
Òjò lu páànù títí.
"Ó di ọwọ́ ẹni tó bá bi mí.
Lójú ogun, Bírítéènì ni mí.
Tí wọ́n bá ti gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni mí."

Bàbá mi mi orí. Ó yé e.
Ọmọ Òwu ni.
Ẹ pè é ní Ẹ̀gbá ní Sápọ́n níbí,
á kọ́kọ́ gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ kó tó dá yín lóhùn.
Ẹ pè é bẹ́ẹ̀ n'Ílọrin,
á jẹ́ ẹ, á tún fẹ àyà.

Lọ́jọ́ kẹta, Fáda Kílíìnì gun kẹ̀kẹ́ dé láti Lántòro,
ó wá gba sutánà rẹ̀.
Èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo ké tòò:
"Ẹ káàbọ̀, Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì!"
Etí rẹ̀ pọ́n.
Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé,
Yorùbá rẹ̀ ń fẹsẹ̀ kọ:
"Ọmọ, bí mo bá pè ọ́ ní Ìjẹ̀bú ńkọ́?"
Mo bú sẹ́kún.
"Ẹn-ẹ́n," ó ní, "bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn."

Ìgbà tó dìde ló rí àsíá lórí tábìlì.
Ó fọwọ́ kan pupa tín-ín-rín náà.
"Tiwa rèé. Ọmọ ọmú ni mí nígbà tí a kẹ́rù jáde,
okùn wa ṣì wà nínú aṣọ wọn."
Ó tún ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀:
"Àbúrò ìyá mi kan wà ní àríwá lọ́hùn-ún
tó ń fi eléyìí kọ́ fèrèsé lọ́jọ́ ọdún.
A kì í kọ lẹ́tà síra wa."

Bàbá mi ṣí dúrọ́ọ̀. Ó mú bíléèdì.
"Fáda, ṣé kí n tú u?"

Fáda wo bíléèdì náà pẹ́.
N kò tíì rí àlùfáà tó wo nǹkan bẹ́ẹ̀.
"Fi í sílẹ̀. Aṣọ oníbàárà ni."

Lórí ẹ̀rọ, tiwa wà níbẹ̀ tí a kò tíì rán tán,
ewé, funfun, ewé, tí ilé-ìwé Ìjẹmọ̀ ní ká rán.
Fáda rẹ́rìn-ín: "Fi àwọ̀ ọsàn rọ́pò ewé ẹ̀yìn yẹn,
ilé mi ló dà yẹn!"
Bàbá mi fa èérún gèlè ìyá mi yọ, ó pọ́n bí ọsàn,
ó tẹ́ ẹ lé e.
Fún ìwọ̀n èémí kan, Áyáláńdì sùn ní Sápọ́n,
ojú Fáda sì kún fómi.
Bàbá mi ká a kúrò, jẹ́jẹ́.
"Ẹ má bínú, Fáda. Tiwa ni."

Láyé mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn
tí mo gbọ́ kó ní "tiwa"
tí kì í ṣe Òwu ló ń wí.

Ápúbì dé ní Sátidé. Bàbá mi gba ṣílè mẹ́ta,
ṣílè kan fún ìlú kan.
"Ṣùgbọ́n àwọn ará Áyáláńdì ti lọ!" ni Ápúbì wí.
"Abẹ́rẹ́ mi ò gbọ́," ni bàbá mi dáhùn.
Ó san án.