Igba Náírà fún Máìlì Kan

Òru ò tíì tán ní Òkè-Báálẹ̀ tí mo ti tú Àjíké sílẹ̀,
mo já ṣéènì rẹ̀ kúrò lára fèrèsé,
mo fi àkísà nu ojú rẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ lọ síléèwé.
Bàjáì pupa ni, ọdún mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi,
ìjókòó rẹ̀ ti ya níbi tí èrò máa ń jókòó sí,
aago máìlì rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ tí àgbò ìyá Sàbítíù
já lù wá ní Ìgbọ̀nà.

Àwa méjìlá la pàdé nílé epo:
Rábíù, Fáṣínà, Ọ̀jẹ̀dòkun tí kì í dé akoto,
àti Nọ́ọ̀sì Múníràtù lórí fẹ́sípà bàbá rẹ̀.
Oníkálukú ló ní ẹni tó ṣèlérí fún un:
igba náírà fún máìlì kan tí táyà bá tẹ̀.
Àlájà Ṣéríkí onísìmẹ́ńtì ni tèmi.
Ó ní, "Aago ẹ ti kú. Báwo ni n óo ṣe mọ̀?"
Mo ní, "Àlájà, ìdí mi á kà á."
Ó rẹ́rìn-ín títí, ó kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń gbé ènìyàn kiri ìlú yìí.
Mo gbé olùkọ́, mo gbé ewúrẹ́,
mo gbé ìyàwó kan tó sunkún láti Ọláìyá dé Ayétòrò
tí kò sì sọ ìdí.
Àwọn kan wọlé, wọ́n ní àwọn ń mú owó bọ̀.
Mo ṣì ń dúró dè wọ́n.
Lónìí ẹ̀yìn mi ṣófo,
n kò gbé ẹnì kankan,
owó ń wọlé.
Ẹ bá mi wo ayé.

Lẹ́yìn Kẹlẹbẹ, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lára wa bí èépá:
ṣọ́ọ̀bù kan, ilé kan tí kò lórùlé, lẹ́yìn náà igbó.
Àpáta Ìrágbìjí dìde, ó dákẹ́,
bí àgbàlagbà tó mọ gbèsè tí a jẹ.
Kòtò. Kòtò. Ọ̀dà díẹ̀. Kòtò.
Mo ń fi òkè àti afárá ka máìlì mi.
Lẹ́yìn Ìgbájọ, ọ̀nà di pupa, ó di tẹ́ẹ́rẹ́,
mo ka mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n,
mo dé ìdí igi ìyeyè kan, ìṣirò dàrú mọ́ mi lórí.

Ibẹ̀ ni, lọ́dún méjì sẹ́yìn, lóru,
tí Wúràọlá, aya àgbẹ̀ kan ní Abà Láyọ̀nú,
di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn, tó ní, "Bàbá, dúró."
N kò dúró. Mo rò pé eré ló máa gbà wá.
Ó tún ní, "Dúró." Bọ́tìnnì mi já.
Mo dúró.
Iná Àjíké nìkan la ní.
Ọwọ́ tó mọ ṣéènì àti pọ́ọ̀gì
ni ọmọ náà kọ́kọ́ bọ́ sí.
Ó ké.
Ìyá rẹ̀ kò dé Òṣogbo.

Ariwo wa kó àwọn ọmọdé jáde nínú abà.
Yàrá kan ni ilé ìwòsàn wọn. Tábìlì tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí,
tábìlì iléèwé ni:
ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ sí i.
Múníràtù fọwọ́ pa á, kò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀.
Ó ní owó tó jọ á ra bẹ́ẹ̀dì, á ra iná sólà méjì.
Ó ní, "Bóyá."
Ìdúpẹ́ baálẹ̀ gùn ju ọ̀nà tí a gbà wá lọ.
Ìyá arúgbó kan fa ọmọkùnrin kan wá,
ọmọ ọdún méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún erùpẹ̀,
ó na ìka sí iná iwájú Àjíké.
Mo tàn án fún un lọ́sàn-án gangan.
Ó wò ó, kò ṣẹ́jú,
bí ẹni pé wọ́n ti pàdé rí.

Wọ́n ti kírun alẹ́ tán kí n tó dé ọ̀dọ̀ Àlájà.
Ó ní, "Mélòó?"
Mo ní, "Mo kà á dé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó sọnù mọ́ mi lọ́wọ́."
Ó wo erùpẹ̀ ojú mi, ó fi bírò kọ nǹkan sínú ìwé,
kò fi hàn mí.
Lọ́la ẹnì kan á nawọ́ sí mi ní Ọláìyá,
á ní èló ni dé Ayétòrò,
á ní ó ti wọ́n jù.