Àwọ̀ Ewé Tí Kì Í Pẹ́

Yìnyín gbígbẹ dé láti Kútọnu láago mẹ́wàá
nínú páálí tí wọ́n fi ń kó ẹja;
ìdajì rẹ̀ ti di èéfín lójú títì.
Èmi ni mo lọ gbé e,
èmi Salíù, ọmọ wẹ́dà ọ̀nà Wàńdó,
tí ń fọ ìgò ní yàrá àyẹ̀wò l'Ájàṣẹ́.

Madámù Rafíátù ti wọ ìbọ̀wọ́.
Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìgò kan
tí kò ju àtàǹpàkò lọ.
Irin wà nínú rẹ̀, pupa bí osùn tí wọ́n pò mọ́mi,
òtútù ogójì nísàlẹ̀ òdo yí i ká.
Ó kán omi kíkan sí i,
ẹ̀ẹ̀kan,
ẹ̀ẹ̀kejì.

Ó yí.
Ó di àwọ̀ ewé,
ewé gbọ̀rọ̀ lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò.
Ó ní, "Salíù, wò ó. Òun nìyẹn,"
ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ń sùn.

Irin tí mo mọ̀, irin bàbá mi,
irin géètì, irin férémù ọ̀kadà,
a máa fi méjì tọrẹ nínú ohun tó ní,
nígbà mìíràn mẹ́ta,
a sì dípẹtà, a rọra kú sínú afẹ́fẹ́ ọ̀sà.
Èyí fi mẹ́rin tọrẹ.
Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ́síjìn kan ṣoṣo mú,
èyí tó kù fún un ò tó o jẹun alẹ́.
Ẹni tó bá lawọ́ kọjá ààlà,
ebi rẹ̀ a máa bani lẹ́rù.

Ẹ ti rí epo payó létí títì,
nínú ìgò oníkùn bàǹgbà, tí oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá?
Káábọ̀nù di háídírójìn mú níbẹ̀,
oòrùn ò tú wọn,
omi ò tú wọn,
iná nìkan ni wọ́n ń bẹ̀rù.
Madámù fa irú epo bẹ́ẹ̀, èyí tó mọ́, ẹ̀kán kan péré,
ó jẹ́ kó bọ́ sínú àwọ̀ ewé.
Kò sí iná. Kò sí ariwo.
Irin náà já háídírójìn gbà
bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń já àkàrà gbà lọ́wọ́ àbúrò,
kò sì tíì gbé e mì
tó fi rí káábọ̀nù tó kù lófo, tó la ẹnu sílẹ̀.
Ó bá yí padà.
Ó kó háídírójìn àti ọ́síjìn tirẹ̀ pọ̀,
ó dà á lé e lọ́wọ́: gbà, má sunkún.
Bí epo ṣe di ọtí nìyẹn.

Iná mú lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọkàndínlógún.
Ìlà tí ẹ̀rọ ń fà dúró gbagidi,
afárá tí ìjọba ò parí.
Madámù ò bú ẹnikẹ́ni.
Ó ń fẹnu kà á lọ nínú òkùnkùn, ogún, mọ́kànlélógún,
tọ́ọ̀ṣì fóònù mi lórí ìgò,
títí àwọ̀ náà fi ṣí.
Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́: *ó ṣí ní mẹ́tàlélógójì.*

Ó ní irú rẹ̀ ń bẹ nínú ẹ̀dọ̀ wa,
irin kan tó jókòó láàrin òrùka,
tó ń dá oògùn lọ́nà,
tó ń dé, tó ń lọ, kí ojú tó ṣẹ́.

Bàbá mi fi ogójì ọdún jó irin pọ̀ mọ́ irin.
Kò sọ fún mi rí pé ebi lè pa á.

Lálẹ́, ìyá mi da hóró méjì sẹ́nu nítorí orúnkún rẹ̀,
ó fi omi lé e.
Mo tẹjú mọ́ ìhà ọ̀tún rẹ̀ lábẹ́ ìró.
"Kí lò ń wò lára mi?"
Mo ní, kò sí nǹkan, Ìyá.
Ó ti lọ.