Ojúmọ́ Kan, Fọ́tò Kan

Ylva ló fi kámẹ́rà sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Bergen,
ó fi bébà wé e bí ẹni di ẹja:
"Ìyá àgbà, ẹyọ kan lójúmọ́, fún ọdún kan gbáko.
Ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ lásán. Ẹ dá àrà."
Ó fi kún un pé mi ò ní lè dé oṣù kejì.
Ọmọ ọmọ mi ni; ó mọ bí wọ́n ṣe ń fín mi níràn.

Oṣù kọkànlá la bẹ̀rẹ̀. Ìwà wèrè nìyẹn.
Ní Vardø níbí, oòrùn a máa kó ẹrù rẹ̀ kí Kérésìmesì tó dé,
ọdún tuntun á ti rìn jìnnà kó tó yọjú.
Mo ti búra: ojúmọ́ kan, fọ́tò kan.
Èwo wá ni ojúmọ́ níbi tí ilẹ̀ kì í mọ́?

Mo ya ife kọfí lójú fèrèsé: dúdú.
Mo ya ẹnu ọ̀nà: dúdú, yìnyín díẹ̀.
Mo ya ìka ọwọ́ mi, ó jọ ohun tí wọ́n gbàgbé sínú fíríìsà.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án, inú bí mi, mo ya òkùnkùn fúnra rẹ̀,
ìgbà náà ni mo rí i pé òkùnkùn kì í ṣe ẹyọ kan:
ti ẹ̀yìnkùlé pọ́n aró,
ti ebúté ń dán bí òróró ẹ́ńjìnnì,
ti inú ṣọ́ọ̀ṣì, àgbàlagbà ni,
ó jókòó, kò dìde fún ẹnikẹ́ni.

Kugathas, tí a jọ ń gé ẹja láti ogún ọdún,
tí wọ́n bí sí Jaffna níbi tí oòrùn kì í gba ìsinmi,
ló gbé àwo irin tí a fi ń wọn ẹja,
ó fi gba iná tọ́ọ̀ṣì, ó da iná náà sórí ẹja kọ́ọ̀dù kan.
Ojú òkú ẹja là
bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe orúkọ rẹ̀.
Mo fi èyí ránṣẹ́ sí Bergen.
Ylva kò fèsì fún ọjọ́ méjì.
Mo gbádùn ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mi ò ní parọ́.

Ọjọ́ tí oòrùn padà, ìbọn ńlá dún ní odi àtijọ́,
àwọn ọmọ ilé ìwé tú sóde, ẹnu wọn kún fún búrẹ́dì dídùn.
Gbogbo ìlú kọjú sí oòrùn. Mo kẹ̀yìn sí i,
mo ya òjìji mi, tó nà gbalaja dé ilé Torstein.
Ó pẹ́ tí a ti ríra.
Ó ti sanra díẹ̀ níbi tó lọ.

Ìgbà tó di oṣù kẹfà, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ:
oòrùn kò wọ̀ mọ́, òní lẹ̀ mọ́ àná.
Mo sùn ní agogo méjì, bóyá ọ̀sán, bóyá òru.
Nígbà tí mo jí, kàlẹ́ńdà ní mo ti fo ọjọ́ kan.
Mo sunkún lórí àga ilé ìdáná,
èmi tí mi ò sunkún nígbà tí ilé iṣẹ́ dá wa dúró.

Nígbà tí ọdún pé, Ylva dé,
ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí adájọ́.
Ó kọjá ojú ẹja. Ó kọjá òjìji.
Ó dúró níwájú bébà funfun tí mo lẹ̀ mọ́ àlàfo náà.
"Kí nìyí?"
"Oorun ni."
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, òkùnkùn ti dé padà.
Torstein wà lórí eékún nínú yìnyín, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu,
ó ń wá eyín àtọwọ́dá rẹ̀,
ìmọ́lẹ̀ ń sá síwá sẹ́yìn lórí funfun yẹn bí ajá kékeré.
Mo na ọwọ́ sí àyà mi. Okùn kámẹ́rà kò sí níbẹ̀.
Mo wò ó. Mo wò ó dáadáa.
Lẹ́yìn náà mo wọ bàtà, mo lọ bá a wá a.